Ogójì Lé Lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ẹsẹ̀ Bàtà

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti mú ìdákẹ́ sọ́wọ́, ó ń retí kí Bàbá gbé àgbọ̀n sókè. Bàbá ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan sí i, ó sì yíjú sí mi.

"Àwẹ̀ró, tí wọ́n bá dé orí ọ̀ràn Ìdí-Àràbà, ohun tó wà nínú ìwé ni kó o sọ. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé irọ́ ni ìwé ń pa."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Èyí tí mo ń sọ lónìí ni kó o gbọ́."

N kò dá a lóhùn. Nílé wa, tí àgbà bá sọ̀rọ̀ tí ọmọ dákẹ́, ọmọ ti gbà nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí yóò ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, mo sì jẹ́ kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ wá ṣe níbí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yá, àgbọ̀n sókè." Ọmọbìnrin náà lẹ ìdákẹ́ mọ́ ọn lọ́fun, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè dì. "Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má wúkọ́. Ẹ má kùn sínú. Tó bá fi lè pupa, ọmọ yín ló máa jẹ ẹ́ o, kì í ṣe ẹ̀yin."

Bàbá mi orí. Ìdákẹ́ náà kò tóbi ju èékánná lọ, ó funfun, ó sì wà lórí gògóńgò rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe ń yàgbẹ́ sára ògiri. Ẹni tó bá kàwé nílé kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wọlé síbi ìdánwò àṣekẹ́yìn. Olùkọ́ rẹ̀ ní láti jókòó níbi tí ojú wọn yóò ti máa ṣe mẹ́rin, kó máa gbọ́ ohun tó kọ́ ọmọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọmọ, kó má sì fọhùn. Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan sín. Ọmọ rẹ̀ padà sílé lọ bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́rìnlá láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Ìwé mẹ́tàlá ni mo ti yege nínú rẹ̀: ìwé ojú-ọjọ́, ìwé ìtọ́nà, ìwé ẹ̀rọ, ìwé òfin, gbogbo wọn. Ìkẹrìnlá ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi ẹnu bi ni. Tí mo bá yege, n ó jókòó síwájú bàálù. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àti Olùdarí, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ní Gbádérò. Ṣòkòtò ilé-ẹ̀kọ́ awabàálù ló wọ̀, èyí tí wọ́n rán àtẹ́lẹwọ́ méjì mọ́ níwájú itan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí wọn wẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ẹran ọbẹ̀.

"Ìwọ lọmọ ilé tí wọ́n ní ó ń bọ̀?" ó bi mí.

"Èmi ni."

"Wọ́n ní ṣíbí ni wọ́n fi kọ́ ẹ níwèé."

"Ṣíbí ni."

Ó ti ń múra àtirẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣíbí ṣe jẹ́?" ó bi mí.

"Ẹ̀yìn ṣíbí. Tó o bá fi kan omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, o máa rò pé omi á tì í dànù. Kò ní tì í. Ńṣe ló máa fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń fa apá bàálù sókè."

Ó ronú sí i díẹ̀. "Àwa, wọ́n ní ká há a sórí ni." Ó wo itan rẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe? Tó o bá ti jókòó, ọwọ́ ẹ ò ní kúrò lórí itan títí o ó fi fẹ̀yìn tì."

"Kí nìwọ náà ń kà á fún?"

"Kí n lè mọ̀ tó. Aláìmọ̀kan ò ṣeé dá lẹ́bi." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúrà tó ti sú u. "Olùdarí á wa bàálù, èmi á jókòó. Tó bá dé láyọ̀, Olùdarí ló mọ̀ ọ́n wà. Tó bá já, wọ́n á ní, 'Arákùnrin yìí ka ìwé mẹ́rìnlá, ó yẹ kó mọ̀.' Bàbá mi ní kò síṣẹ́ tó dùn tó o nílẹ̀ yìí, àfi tó bá já."

Mo rẹ́rìn-ín, kò sì wù mí kí n rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló wo Bàbá dáadáa. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe kúrò lára aṣọ Bàbá lọ sí ìdákẹ́, láti ibẹ̀ lọ sí àpá tó gba etí rẹ̀ kọjá. Àwòrán ojú náà wà ní ojú ewé kejìlá Ìwé Ènìyàn. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tí kò mọ̀ ọ́n.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa díẹ̀. "A máa ń ṣeré yẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé."

Mo mọ eré náà. Ẹnì kan á jẹ́ Jagun, á máa lé àwọn yòókù kiri. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn á ṣubú lulẹ̀, á kú, wọ́n á sì máa kọrin pé Jagun ti fọwọ́ kàn án, Jagun ti fọwọ́ kàn án, títí gbogbo ọmọ á fi sùn sílẹ̀ ní pápá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nílé-ìwé wa, wọn kì í yan ẹni tó máa jẹ́ Jagun. Èmi ni, ní gbogbo ìgbà, torí orúkọ mi nìyẹn, Arínọlá Jagun. Nígbà tó di oṣù kejì, Màmá wá mú mi, a ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá, tí wọ́n ti gba aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ní, "Ó dáa. Èmi ni n ó máa kọ́ ọ." Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Wọ́n pè wá kí Gbádérò tó tún sọ nǹkan.

Obìnrin kan ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, orí rẹ̀ funfun, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀: Ìyáàfin Ṣóyọyè. Ojú wíńdò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjú sí ojú ọ̀nà bàálù. Ògiri ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀rọ ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sí, lẹ́tà dúdú lórí funfun, bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Wọ́n mú Bàbá jókòó síbi tó dojú kọ mí, kò jìnnà sí mi ju ìwọ̀n tábìlì ìdáná wa lọ.

"Jókòó, ọmọ mi. Ọkàn ẹ ń lù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó yẹ kó lù. Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn. Tá a bá wà lókè, iye afẹ́fẹ́ wo là ń tò sínú aago gíga?"

"Oókan, òdo, oókan, ẹẹ́ta, mà. Gbogbo bàálù ayé ló ń tò ó bẹ́ẹ̀ lókè, kí aago wọn lè máa ka gíga bákan náà, kí wọ́n má baà pàdé ara wọn."

"Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀?"

"A ó gba iye ilẹ̀ tá a ń lọ lẹ́nu ilé-ìṣọ́. A ó tún un sọ padà kí wọ́n lè mọ̀ pé a gbọ́. Lẹ́yìn náà a ó yí aago sí i."

"Aago mélòó?"

"Méjì, mà, Olùdarí ló ń yí wọn. Nígbà tí àwọn Bàbá ń wa bàálù, mẹ́ta ni. Aago kékeré kan wà lọ́tọ̀ tí kò bá Olùdarí tan. Ọwọ́ ènìyàn ló ń yí ìyẹn."

"Tí ẹni náà bá gbàgbé ńkọ́?"

"Tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bá fúyẹ́, aago á máa sọ fún un pé ó ṣì wà lókè, ilẹ̀ á sì ti sún mọ́ ọn. Láti ibi tó wúwo lọ síbi tó fúyẹ́, wo ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó wò ọ́."

Ìyáàfin náà gbé ojú sókè. "Ibo lèyí wà nínú ìwé?"

"Kò sí níbẹ̀, mà. Bàbá mi ló fi kọ́ mi."

Kò wo Bàbá. "Ẹyọ afẹ́fẹ́ kan, ẹsẹ̀ bàtà mélòó?"

"Ọgbọ̀n, mà. Ilé alájà mẹ́ta." Èyí náà kò sí nínú ìwé. Bàbá ló mú mi lọ sí ìta lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí ilé alájà mẹ́ta tó wà lójúde wa, ó ní ẹyọ kan nìyẹn, tí mo bá ti gbé ẹyọ méjì, kí n gbé ilé náà lé ara rẹ̀.

"Ó dáa." Ìyáàfin Ṣóyọyè ṣí ìwé sí ojú ewé kejìlá. Wọn kì í ṣẹ́ gègé yan ọ̀ràn tí wọ́n máa bi ọmọ ilé. "Ọ̀ràn Ìdí-Àràbà. Ìjì wá láti òkun. Bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru, ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Kápítẹ́nì gba bàálù lọ́wọ́ Olùdarí. Bàálù bá ilẹ̀ kó tó dé ojú ọ̀nà. Ènìyàn mọ́kànlélógójì kú. Kí ni àṣìṣe kápítẹ́nì náà?"

Ìdáhùn ìwé kò ju gbólóhùn kan lọ. Àwọn ọmọ eléré pápá pàápàá mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ kàn án.

Orí gbólóhùn yẹn ni wọ́n kọ́ Òfin Ọwọ́-Lórí-Itan lé, èyí tó ní kí wọ́n máa de ọwọ́ ẹni tó bá jókòó síwájú bàálù mọ́ itan rẹ̀. Ohun tí Bàbá sọ fún mi yàtọ̀. Ó ní aago òun àti aago Olùdarí ò fẹnu kò, ogójì lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín wọn. Ó ní oókan-òdo-oókan-ẹẹ́ta náà ni iye ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bíi ti òkè, torí náà kò sí ohun tí òun ní láti yí. Olùdarí ló gbé iye òdì mì. Ó ní nígbà tí òun rí i pé bàálù máa ré ojú ọ̀nà kọjá, òun gbà á, òun ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Olùdarí bá jà á gbà padà, ìjà àwọn méjèèjì ló sọ bàálù mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó ọgọ́rùn-ún ìgbà. Mo lè sọ ọ́ pẹ̀lú ibi tó ti máa ń mí.

"Mo tako ìwé, mà," ni mo wí.

Lẹ́tà náà jáde lára ògiri: MO TAKO ÌWÉ, MÀ. Bàbá mi orí sí mi, rárá, rárá. N kò wò ó mọ́.

Ìyáàfin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Tí ìṣirò mi bá dúró, ẹ ó tún ìwé kọ, ẹ ó sì nu orúkọ tí ìwé bà jẹ́. Tí kò bá dúró, n kò ní tẹ ibí mọ́."

"Ẹnì kan péré ló ti ṣe é rí. Bátìrì ló ń tà báyìí." Ó mí. "Ó dáa. Ẹ̀tọ́ ẹ ni kó o rí àkọsílẹ̀ bàálù náà. Ẹnikẹ́ni ò rí i àfi ẹni tó bá tako ìwé. Wò ó tán kó o tó sọ̀rọ̀. Àtakò ò tíì wọlé títí o ó fi sọ àṣìṣe tó o rí."

Ó fọwọ́ kan tábìlì, ojú tábìlì sì mọ́lẹ̀. Ìlà méjì ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti òsì sí ọ̀tún. Aago Olùdarí: ẹgbèje ó lé ọgọ́ta. Aago kékeré: ẹgbàá. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ogójì lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Inú mi dùn débi pé etí mi ń hó. Bàbá kò purọ́. Mo pín in sí ọgbọ̀n ọgbọ̀n, ó jẹ́ méjìdínlógún, bí mo ṣe ti pín in nílé. Ẹyọ méjìdínlógún ni Olùdarí fi ṣìnà. Ohun tó kù ni kí n fi iye tí ilé-ìṣọ́ sọ lọ́jọ́ náà hàn wọ́n, tán.

"Ṣé mo lè gbọ́ ohùn ilé-ìṣọ́, mà?"

"O lè gbọ́ ọ."

Ohùn obìnrin kan jáde látinú tábìlì, ariwo atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Ó dárúkọ bàálù, ó ní kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀, ó ní iye ilẹ̀ jẹ́ ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́sàn-án, aárùn-ún.

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

Ohùn ọkùnrin dáhùn. Ohùn náà lágbára, ó fara balẹ̀, ó tilẹ̀ ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Bàbá ni, nítorí n kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "A gbọ́. Ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́sàn-án, aárùn-ún."

Ó tún un sọ padà. Ó tún un sọ padà bó ṣe yẹ, kò ṣi ẹyọ kan.

Oókan-òdo-oókan-ẹẹ́ta ni wọ́n ń fò lókè. Yọ ẹẹ́sàn-án-ẹẹ́sàn-án-aárùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ó ku méjìdínlógún. Ilé alájà mẹ́ta, méjìdínlógún, lórí ara wọn. Ẹnu rẹ̀ gba iye náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lọ sídìí aago kékeré. Olùdarí gbọ́ ohun tí ilé-ìṣọ́ wí, ó yí aago tirẹ̀ síbẹ̀. Aago Bàbá ṣì wà lórí iye òkè, ó ń sọ fún un pé ilẹ̀ ṣì jìnnà, òun sì gbà á gbọ́.

Àkọsílẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́. Kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti gba bàálù, Olùdarí kò tún mú un. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. "Ilẹ̀," ó ní. "Ilẹ̀." Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Ní ìkeje, ohùn Bàbá ní, "Dákẹ́, jàre."

Ìyáàfin Ṣóyọyè pa á.

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ìjì ńlá kì í wà kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wúwo tó ti òkè. Ojú ewé kẹta ìwé ojú-ọjọ́ ni, Bàbá ló sì kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo kà á, mo dúró lórí gbólóhùn náà, mo ronú kan Ìdí-Àràbà, mo sì ṣí ìwé síwájú. N kò bi í. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í? Ẹni tó jókòó tì mí lọ́dún mọ́kànlá, tó fi owó ẹyin adìyẹ ra ìwé fún mi, kí n wá dojú kọ ọ́ pé, Bàbá, iye ilẹ̀ tí ẹ sọ yẹn, ṣé ó dá yín lójú?

Mo wò ó báyìí. Kò wò mí. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, níbi tó gbé e lé orí orúnkún, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sì ń lọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí nǹkan tí kò tóbi ju èso ìyeyè lọ. Ó ń yí i, ó ń yí i. Ìdákẹ́ ọrùn rẹ̀ funfun báláú.

"Mo ń dúró dè ọ́," ni Ìyáàfin náà wí. "Kí ni àṣìṣe kápítẹ́nì náà?"

"Kò yí aago kékeré, mà."

Ohùn mi kéré, n kò mọ̀ bóyá ògiri gbọ́. Ìyáàfin náà sáré na ọwọ́, ó tẹ nǹkan kan lábẹ́ tábìlì, ògiri sì dúró láìkọ nǹkan.

"Àlàyé ẹ?"

"Ogójì lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mà. Méjìdínlógún lọ́nà ọgbọ̀n. Ó gbọ́ iye náà, ó tún un sọ, kò yí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ ló ti wá."

"Hùn ún." Kò bínú. Ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù tó ti mọ̀ dé. "Ìwọ nìkan kọ́ lo mọ ìyọkúrò, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ wa tó jókòó ti àkọsílẹ̀ yìí lọ́dún náà, gbogbo wa la ṣe é. Ọmọdé tó bá lè ka owó ẹ̀kọ lè ṣe é."

"Kí ló dé tí kò sí nínú ìwé, mà?"

"Ronú sí i. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ló pa àwọn ènìyàn yẹn, kí là ń de ọwọ́ fún? Agogo kan tó máa pariwo pé 'yí aago rẹ' ì bá ti tó. Kò ní ju agogo lọ." Ó ká apá aṣọ rẹ̀. Awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó dán yíká, bí ọrùn ewúrẹ́ tó ti pẹ́ lórí okùn. "Ọdún méje ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ṣé o rò pé ó wù mí? Àmọ́ wọ́n ti ta Olùdarí fún gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò ní tún ìwé kọ nítorí ìwọ. Wọ́n á ní ìṣirò ẹ ò dúró, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Òun náà" (ó fi àgbọ̀n júwe Bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kà á sí) "wọn ò ní nu orúkọ ẹ̀. Ohun tó o rí yẹn, ṣé ó nù ún ni?"

Mo yí ojú sí ògiri.

"Ògiri ò tíì kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀. N ó tan án padà, n ó sì tún ìbéèrè náà bi ọ́. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o sọ."

Mo fẹ́ kí Bàbá wò mí. Tó bá wò mí, bóyá n ó mọ èyí tí n ó sọ. Mo rò ó pé tí mo bá sọ òtítọ́, n ó padà sílé pẹ̀lú rẹ̀, àwa méjèèjì á jókòó sídìí tábìlì kan náà títí ayé, a ó sì mọ̀. Tí mo bá sọ ti ìwé, wọ́n á fún mi ní ìjókòó, n ó di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń dè lọ́wọ́ nítorí irọ́ tí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo rò gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrònú ló dáhùn. Ìbínú ni. Mo rántí pápá ilé-ìwé, àti èmi tí mo ń sunkún pé Bàbá mi ò ṣe nǹkan kan, wọ́n purọ́ mọ́ Bàbá mi ni. Mo rántí pé mo délé lọ́jọ́ náà tí mo bi í, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́?" tó sì gbé mi lé ẹsẹ̀, tó ní, "Èmi kọ́, Àwẹ̀ró."

"Ọ̀ràn Ìdí-Àràbà," ni Ìyáàfin Ṣóyọyè wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti iṣẹ́. "Kí ni àṣìṣe kápítẹ́nì náà?"

Mo gbé orí sókè. Mo wo ojú Bàbá nígbà tí mo ń sọ ọ́.

"Ó fi ọwọ́ kàn án."

Ìgbà náà ni ó tó wò mí.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ló wà ní ìjókòó náà?"

"N ó gbé ọwọ́ lé itan, mà."

Ògiri kọ ọ́. Lẹ́tà náà dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé. Ìyáàfin náà ní mo yege, ó ní ó tó ọdún mẹ́fà tí ọmọ ilé kan ti gba irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ó ṣí àpótí kan lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ojú wọn ìdí mi, ó yọ ṣòkòtò kan jáde, ó gbé e fún mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n rán mọ́ ọn kéré, ti obìnrin ni.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Gbádérò rí aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Kú oríire o, ọmọ ilé. Wá kọ́ mi ní ti ṣíbí yẹn lọ́jọ́ kan."

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ṣí ìdákẹ́ kúrò lọ́fun Bàbá. Ó wò ó sójú ìmọ́lẹ̀, kò rí pupa kankan lára rẹ̀, ó sì yìn ín. "Bàbá yìí gbìyànjú o. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí, sà."

Bàbá fi ọwọ́ pa ọ̀fun rẹ̀. A ti rìn dé orí àtẹ̀gùn kí ó tó sọ nǹkan kan. Mo ń retí rẹ̀. Mo ti to ohun tí n ó fi fèsì sílẹ̀, tó bá bẹ̀bẹ̀, tó bá sẹ́, tó bá bú mi, gbogbo rẹ̀ ni mo ní èsì fún.

"Ìṣirò yẹn," ó ní, "orí lo fi ṣe é, àbí o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Orí ni, sà."

"Ó pé," ni Bàbá wí. "Méjìdínlógún. Ó pé."

Àtẹ̀gùn ilé náà ga, kò sì ní ibi ìdìmú. Bàbá dúró lórí èyí tó ga jù, ó na ọwọ́ síta, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ gbé e lé èjìká mi. Mo gbé ṣòkòtò náà sí abíyá, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀kan, á sinmi, ọ̀kan, á sinmi. N kò dúró dè é.